Báwo ni ọ̀tá ṣe ń gba ilé olódi Edinburgh, pẹ̀lú gbogbo àpáta yẹn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń gbé ní Glasgow. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ wo ilé olódi Edinburgh nígbà ìsinmi iléèwé. Afinimọ̀nà ibẹ̀ sọ fún wọn pé ìgbà 26 ni ogun ti dó ti ibi náà láàárín nǹkan bí 1,100 ọdún, àti pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lọ́pọ̀ ìgbà. Ni ọmọ wọn àgbà bá gbójú sókè wo ara àpáta náà, ó ní, "Mọ́mì, báwo ni wọ́n ṣe gun èyí?" Ìyá yìí wá bi mí pé, bí àpáta ṣe ga tó yẹn, báwo ni ọ̀tá ṣe ń rí ibẹ̀ gbà, àti pé lẹ́yìn gbogbo ogun wọ̀nyẹn, kí ló ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó jẹ́ ti ayé àtijọ́ lóòótọ́?

Ìyá wa, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ló béèrè. Èsì mi ni pé àpáta náà kọ́ ló já àwọn tó wà lórí rẹ̀ kulẹ̀. Omi ló ń já wọn kulẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń já wọn kulẹ̀, ọmọ aráyé ló sì ń já wọn kulẹ̀ jù. Mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò níbẹ̀ kún fún ọba àti adé, wọn kì í sì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kànga.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òkè náà fúnra rẹ̀. Ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín kan ni, èyí tó ti kú láti nǹkan bí 350 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta yíyọ́ tó kù lọ́fun rẹ̀ dì, ó sì le ju gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Nígbà tí yìnyín ńlá wá bo gbogbo agbègbè yẹn, tó ń wọ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ó ha ilẹ̀ rírọ̀ dànù ní apá mẹ́ta. Àpáta líle yìí kò gbà fún un, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ilẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ yìnyín yẹn ló ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè lọ sísàlẹ̀, orí rẹ̀ sì ni títì tí wọ́n ń pè ní Royal Mile wà. Téńté òkè náà ga tó nǹkan bí 130 mítà sí ojú òkun. Ní àríwá, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ara àpáta náà ga tó 80 mítà sí ilẹ̀ tó yí i ká.

Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ ogun lè gbà débẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin àti ẹrù: ìlà-oòrùn, ọ̀nà tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ gbà lọ. Apá yẹn náà ni gbogbo ọba tó jẹ níbẹ̀ máa ń mọ odi sí jù.

Ṣùgbọ́n òkúta tó le tó bẹ́ẹ̀ kì í fa omi mu. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ńṣe ló ń ṣàn lọ. Wọ́n gbẹ́ kànga sínú àpáta náà. Fore Well ni wọ́n ń pe èyí tó ṣe pàtàkì jù, kò sì fìgbà kan ní omi tó lè tó ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kànga mìíràn wà ní ẹsẹ̀ òkè lápá àríwá, èyí tí wọ́n fi orúkọ Margaret Mímọ́ pè, ṣùgbọ́n ìta odi ni ìyẹn wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kànga méjì yìí sọ́kàn.

Àwọn èèyàn ti ń gbé orí òkè yìí kí wọ́n tó máa pe ilẹ̀ náà ní Skọ́tlándì. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì ibùgbé níbẹ̀ tó ti wà láti nǹkan bí 900 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ní nǹkan bí ọdún 600, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Gododdin, Din Eidyn ni wọ́n sì ń pè é. Ìgbà Ọba Malcolm kẹta ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní orúkọ èèyàn àti ọjọ́ tó ṣe é tọ́ka sí. Margaret ìyàwó ọba yìí ń ṣàìsàn nínú ilé olódi náà ní oṣù November 1093 nígbà tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ àti Edward ọmọ rẹ̀ lójú ogun ní Alnwick. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú ọkọ, ìyàwó náà kú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àbúrò ọba ti kó ogun dúró sí ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn, ó fẹ́ gba oyè, ni àwọn ọmọ Margaret bá gbé òkú ìyá wọn gba ẹ̀yìn, lápá ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí ìkùukùu bo gbogbo òkè náà, wọ́n sì gbé e lọ sin sí Dunfermline. Bí ọmọ yín bá tún béèrè, ẹ sọ fún un pé láti ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó mọ ojú ọ̀nà lè gba ara àpáta yẹn kọjá.

Ìgbà kan wà tí ilé olódi náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìjà rárá. Wọ́n mú Ọba William, tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, lójú ogun ní 1174, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ó ní láti fi àwọn ilé olódi rẹ̀ sílẹ̀ fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, Edinburgh sì wà lára wọn. Ọdún 1186 ló rí i gbà padà, nígbà tó fẹ́ Ermengarde, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ilé olódi náà ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó fa àkàbà ti àpáta ní gbogbo ìyẹn.

Ní 1296, Edward kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun dé. Ó fi ẹ̀rọ tó ń sọ òkúta ńláńlá lu ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì túúbá. Ó kó ìṣúra àti ìwé ìjọba ibẹ̀ lọ sí London. Ọdún yẹn kan náà ló gbé òkúta tí àwọn ọba Skọ́tlándì ń jókòó lé lórí gba oyè kúrò ní Scone. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá fi ọmọ ogun tó pọ̀ sínú ilé olódi náà, wọ́n sì di í mú fún ọdún 18.

Ibí ni ìbéèrè ọmọ yín ti rí èsì gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1314, Robert Bruce, ọba Skọ́tlándì, ń gba àwọn ilé olódi ilẹ̀ rẹ̀ padà níkọ̀ọ̀kan. Thomas Randolph, ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ìjòyè Moray, ló dó ti Edinburgh, kò sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Francis wá bá a. Bàbá ọkùnrin yìí ti bójú tó ilé olódi náà rí, inú rẹ̀ sì ni òun náà ti ṣe èwe. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀ ìlú nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta lápá àríwá, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti gun un padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ó ní ojú òun ti mọ ọ̀nà náà débi pé òun lè rìn ín nínú òkùnkùn.

Randolph ṣa ọgbọ̀n ọkùnrin. Lóru ọjọ́ 14 oṣù March, Francis ṣáájú, wọ́n tẹ̀ lé e, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọ́n máa dì mú. Ní àárín méjì òkè, ibì kan wà tó tẹ́ díẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti mí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kọjá lórí odi lókè wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣàdédé ju òkúta sísàlẹ̀, ó kígbe pé, "Mo rí yín o!" Kò rí nǹkan kan, ó kàn fẹ́ fi já àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láyà ni. Òkúta náà fò kọjá lórí àwọn tó sá pamọ́ sábẹ́ àpáta, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mira. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kọjá tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, wọ́n fi àkàbà kọ́ ògiri, wọ́n bọ́ sínú. Akéwì ilẹ̀ Skọ́tlándì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1375, nígbà tí ọmọ àwọn tó jagun náà ṣì wà láyé, mo sì gbà á gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ìtàn ibẹ̀ lọ.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó dàgbà sínú ilé olódi náà ló júwe ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí Bruce wá ṣe lẹ́yìn tó ti gbà á. Ó ní kí wọ́n wó o palẹ̀, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má bàa tún rí ibẹ̀ lò mọ́. Ilé ìsìn kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí ẹ rí lórí òkè yẹn, ilé ìsìn yẹn nìkan ló dàgbà ju ọdún 1314 lọ. Màá padà wá sórí rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣáà tún padà wá. Ní 1335 wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n kó ọmọ ogun sí i. Ní April 1341, Sir William Douglas fi ọgbọ́n mìíràn gbà á. Àwọn èèyàn rẹ̀ múra bí oníṣòwò tó ń kó oúnjẹ àti ọtí wá láti èbúté Leith. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, bí kẹ̀kẹ́ ẹrù sì ti dé àárín ẹnu ọ̀nà gan-an, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣe é tì mọ́. Àwọn jagunjagun tó lúgọ nítòsí sáré dé, wọ́n pa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, nǹkan bí 100. Àpáta àti odi wà níbẹ̀ digbí ní gbogbo àkókò yìí. Àìní oúnjẹ ló ṣí ilẹ̀kùn.

David kejì, ọmọ Bruce, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ kọ́. Ní nǹkan bí 1368 ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ ńlá kan tó ga ju 30 mítà lọ, tó kọjú sí ìlú lápá ìlà-oòrùn. Ó kú nínú ilé olódi náà ní 1371, kí wọ́n tó parí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Fún nǹkan bí 200 ọdún, Ilé Ìṣọ́ David ni ẹni tó bá ń bọ̀ ní Edinburgh máa ń kọ́kọ́ rí lókèèrè. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé olódi náà ní 1440, William Crichton, ló pe ìjòyè Douglas, ọmọ ọdún 16 tàbí bẹ́ẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ ọba, tí òun alára ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n mú àwọn ọmọ méjèèjì, wọ́n ṣẹjọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n bẹ́ wọn lórí. Afinimọ̀nà á sọ fún yín pé wọ́n gbé orí akọ màlúù dúdú síwájú wọn lórí tábìlì. Àwọn òǹkọ̀wé tó dé lẹ́yìn ló fi ìyẹn kún un, inú mi ì bá sì dùn kí wọ́n yé sọ ọ́ fún ọmọdé. Pípa tí wọ́n pa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn burú tó láìsí orí màlúù.

Ọba kékeré yẹn, James kejì, dàgbà tán, ó sì fẹ́ràn ìbọn àgbá. Ní 1457, Philip ìjòyè Burgundy fi ìbọn àgbá kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ti rọ ní 1449 ní ìlú Mons, tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní. Mons Meg ni. Àwọn ọmọ yín á ti rí i lẹ́bàá ilé ìsìn: ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà, ó sì lè yin òkúta oníkìlógíráàmù 150 lọ sí ibi tó jìn tó kìlómítà mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó dé, ìbọn àgbá mìíràn bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ James kejì nígbà tó dó ti Roxburgh, ó sì pa á.

Láti ìgbà yẹn, àǹfààní tí gíga òkè ń ṣe fún ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ilé gíga tó ń dẹ́rù ba ẹni tó ń rìn bọ̀ ló wá di ohun tó rọrùn jù láti fi ìbọn àgbá nà. Kò sì síbi tí ìyẹn ti hàn tó ọdún 1573.

Àwọn ará Skọ́tlándì ń pe ìdótì yẹn ní Lang Siege. Mary, ọbabìnrin Skọ́tlándì, ti sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1568, wọ́n há a mọ́bẹ̀. Wọ́n ti fi James ọmọ rẹ̀ jọba láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún kan, adelé ló sì ń bá a ṣàkóso. Sir William Kirkcaldy, tí wọ́n fi ilé olódi náà sí ìkáwọ́ rẹ̀, yí sẹ́yìn Mary, ó kọ̀ láti gbé e sílẹ̀ fún adelé. Láti 1571 ni wọ́n ti ń bá a fà á. Odindi ọdún méjì, ọmọ ogun adelé kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìgbà tí ìjòyè Morton di adelé ni wọ́n ké sí Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rán Sir William Drury láti Berwick pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun àti ìbọn àgbá ńláńlá, wọ́n sì to ìbọn náà yí òkè ká. Ní ọjọ́ 17 oṣù May 1573, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n dojú rẹ̀ kọ Ilé Ìṣọ́ David. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé ìṣọ́ náà wó.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn wó ni, bóyá wọn ì bá ṣì fara dà á. Ṣùgbọ́n orí Fore Well ni àwókù náà ya lù, ó sì dí i pa. Kànga Margaret Mímọ́ ní ẹsẹ̀ òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sì ti ba omi rẹ̀ jẹ́; wọ́n ní májèlé ni wọ́n dà sí i. Ẹ wá rò ó: oṣù May, èéfín ìbọn, eruku ògiri tó wó, àwọn tó fara gbọgbẹ́, kò sì sí omi. Odi wọn níwájú bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn ọmọ ogun tó wà nínú fúnra wọn sọ fún Kirkcaldy pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ 28 ó túúbá. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ilé olódi tó lágbára jù ní Skọ́tlándì fi bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nítorí omi mímu.

Ní ọjọ́ 3 oṣù August, wọ́n so Kirkcaldy kọ́ láàárín ìlú, òun àti James àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ wúrà méjì tó ti ń rọ owó fún ẹgbẹ́ Mary nínú ilé olódi náà. James Mosman ni ọ̀kan nínú wọn. John bàbá rẹ̀ ló tún adé ilẹ̀ Skọ́tlándì rọ fún James karùn-ún ní 1540, adé yẹn gan-an tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tò lórí ìlà láti lọ wò. Mi ò lè dúró níwájú adé yẹn kí n má rántí ọmọ ẹni tó rọ ọ́.

Ó kan apá kejì ìbéèrè yín báyìí. Morton kò tún Ilé Ìṣọ́ David kọ́. Ó mọ odi ńlá kan tó tẹ̀ roboto yí àwókù rẹ̀ ká, wọ́n parí rẹ̀ ní 1588, wọ́n to ìbọn àgbá sórí rẹ̀. Half Moon Battery ni, odi yẹn tí ẹ rí lókè ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń wọlé, tí gbogbo ènìyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n á sì sọ pé ilé olódi ayé àtijọ́ rèé. Àwọn ará ìlú gbàgbé pé ilé ìṣọ́ ọba kan wà nínú ikùn rẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n tó tún rí i. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé, ọdún 1888 ni wọ́n kọ́ ọ, ère Bruce àti ti Wallace, akọni Skọ́tlándì mìíràn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dé síbẹ̀ ní 1929. Pápá ńlá iwájú, tí wọ́n ti ń ṣe eré ológun lọ́dọọdún láti 1950, ọdún 1753 ni wọ́n tẹ́ ẹ.

Èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tó kéré jù. Ilé ìsìn Margaret Mímọ́, tí Ọba David kìíní kọ́ ní nǹkan bí 1130 ní ìrántí ìyá rẹ̀, ni ilé tó pẹ́ jù ní gbogbo ìlú Edinburgh. Inú rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí 20 èèyàn lọ. Òkúta gbígbẹ́ onígun-ún-gun wà lórí ọ̀nà tó wọ ibi pẹpẹ, ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta 900 ọdún sẹ́yìn ni. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Àwọn ológun sọ ọ́ di ibi ìkó ẹ̀tù ìbọn sí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1845, nígbà tí Daniel Wilson, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wọ inú rẹ̀, tó wo ògiri, tó sì rí i pé ilé ìsìn ni. Iná kékeré kan lára ẹ̀tù yẹn ì bá ti pa á rẹ́ láyé.

Gbọ̀ngán ńlá James kẹrin tún wà, tí wọ́n parí ní nǹkan bí 1511. Igi òrùlé rẹ̀ ti ìgbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ gbọ̀ngán náà di ilé ológun ní 1650, ó tún di ilé ìwòsàn, àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe láàárín 1887 sí 1891 ló fún ògiri rẹ̀ ní ẹwà tí ẹ ń wò. Yàrá kékeré tí Mary bí James sí ní ọjọ́ 19 oṣù June 1566 wà nítòsí. Ọmọ yẹn ló di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní 1603, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì tún fojú kan Skọ́tlándì lẹ́yìn náà, ní 1617.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí James kẹrin, torí mo mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni àwọn tó ń kà mí. Ìwé ìnáwó ọba yìí ṣì wà, ó sì fi hàn pé àwọn èèyàn dúdú wà ní ààfin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, onílù wà lára wọn, àwọn obìnrin náà sì wà, wọ́n kọ iye tí wọ́n ná lórí aṣọ wọn sílẹ̀. Ní 1507, ìdíje ẹlẹ́ṣin ńlá kan wáyé ní Edinburgh ní orúkọ obìnrin dúdú kan, wọ́n sì tún un ṣe ní 1508. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ. Afinimọ̀nà lè má sọ ọ́.

Ó yẹ kí n tún sọ ìgbà tí wọn ò rí i gbà, torí ó ti èsì mi lẹ́yìn. Ní 1715, àwọn Jacobite, tí wọ́n fẹ́ dá ìran Stuart padà sórí oyè, fẹ́ ṣe bíi Randolph. Wọ́n ti bá àwọn kan nínú dì í, wọ́n gun àpáta lóru, àmọ́ àkàbà okùn wọn kò gùn tó, ibi tí wọ́n ti ń wá ọgbọ́n ta sí i ni ẹ̀ṣọ́ mìíràn ti dé. Ní 1745, Charles Edward Stuart, ọmọ ìran Stuart yẹn, wọ ìlú Edinburgh tìlù tìfọn, ó ń gbé ní ààfin Holyrood, síbẹ̀ ilé olódi náà ń wò ó láti òkè. Kò ní ìbọn àgbá tó tó, àwọn tó wà lókè ní oúnjẹ àti omi, kò sì sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà ìkẹyìn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá tún padà lọ, ẹ má jẹ́ kí ìlà àwọn tó fẹ́ wo adé gba gbogbo àkókò yín. Ẹ wá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú Half Moon Battery, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ògiri Ilé Ìṣọ́ David. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé adé yẹn pamọ́ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nínú ilé ìyàgbẹ́ àtijọ́ kan, nítorí bọ́ǹbù Jámánì. Inú àwọn ọmọdé máa ń dùn sí ìyẹn. Ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi adé pamọ́: lẹ́yìn tí Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ìjọba kan ní 1707, wọ́n ti adé, ọ̀pá àṣẹ àti idà mọ́ inú àpótí kan, àwọn èèyàn rò pé ó ti sọnù, títí Walter Scott òǹkọ̀wé fi gba àṣẹ ọba láti ṣí i ní February 1818. Láti ibẹ̀, ẹ rìn lọ síbi Fore Well, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín fojú ara rẹ̀ wo bí kànga náà ṣe súnmọ́ ilé ìṣọ́ tó wó lù ú. Bí ẹ bá débẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, tí kì í bá ṣe Sunday, ẹ máa gbọ́ ìbọn tí wọ́n ti ń yìn láti 1861 kí àwọn ọkọ̀ òkun tó wà ní Leith lè fi tún aago wọn ṣe. Ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ.

Ẹ tún béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bóyá ọba ń gbé níbẹ̀. Rárá o. Historic Environment Scotland ló ń bójú tó o fún ìjọba, àwọn ológun ṣì ní ọ́fíìsì nínú rẹ̀, UNESCO sì ti kọ ìlú àtijọ́ tó yí i ká mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé láti 1995. Ní ti òkúta tí Edward kìíní gbé lọ ní 1296, inú ilé olódi náà ni wọ́n gbé e sí nígbà tó padà dé láti London ní 1996, àmọ́ láti March 2024 ó ti wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Perth. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ọ̀hún ni kó lọ.